Níbi Tí Òkòtó Kò Ti Lè Pòyì: Ìyẹ̀wò Eré Algodoo

Kí ọmọ Parakou tó wọ iléèwé ló ti mọ̀ pé òkúta tí a sọ sókè yóò padà bọ́ sílẹ̀, àti pé ọmọlanke tí ẹrù kún inú rẹ̀ ṣòro í tì gun òkè. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé kíláàsì, ìmọ̀ yìí kan náà di «pesanteur» àti «frottement», ọ̀rọ̀ àkọ́sórí fún ìdánwò. Eré orí kọ̀ǹpútà tí à ń yẹ̀ wò yìí fẹ́ so méjèèjì pọ̀. Ǹjẹ́ ó ṣe é?

Emil Ernerfeldt ló kọ́kọ́ ṣe é ní Yunifásítì Umeå ní Sweden. Phun ló ń jẹ́ nígbà tó jáde ní 2008. Lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Algoryx ló ti di Algodoo ní 2009. Kò sí ọ̀tá tí a ó ṣẹ́gun nínú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀bùn tí a ó jẹ. Ojú ewé òfìfo ni. Ẹ ya ohun róbótó, ẹ so okùn, ẹ da omi sí i, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì: gbogbo rẹ̀ yóò máa rìn bí ohun tó ní ìwúwo.

Mo ya ọmọlanke irú èyí tí wọ́n ń tì ní ọjà Arzèkè, mo gbé e sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó yí wálẹ̀. Mo wá sọ ilẹ̀ àti taya di ohun tó ń yọ̀ bí ilá. Ọmọlanke náà ṣì sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n taya rẹ̀ kò yí rárá. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí: dídì tí taya ń di ilẹ̀ mú, tí a rò pé ọ̀tá ìrìn ni, òun gan-an ló ń mú kí taya yí. Kò sí olùkọ́ tó lè gba dídì-mú tàbí òòfà kúrò lára ilẹ̀ Parakou fún ìṣẹ́jú kan. Algodoo lè ṣe é, ibẹ̀ sì ni ọlá rẹ̀ wà.

Àléébù rẹ̀ ńkọ́? Ayé pẹlẹbẹ ni ayé rẹ̀, bí àwòrán ara ògiri. Taya lè yí níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ la ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n òkòtó tí àwọn bàbá wa fi ìkarahun ìgbín ṣe kò lè fi ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ pòyì, nítorí kò sí iwájú òun ẹ̀yìn tí yóò yí sí. Bí a bá yà á, ńṣe ni yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ọmọ tí a kò là á yé lè rò pé eré baba òun ni kò bá òfin sáyẹ́ǹsì mu, nígbà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni àyè kò gbà.

Nítorí náà, mo gba ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí níyànjú láti lò ó. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì béèrè íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ lẹ́yìn tó bá ti wà lórí ẹ̀rọ. Kí ọmọ kọ́kọ́ fi èdè ilé rẹ̀ sọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀, kó tó tẹ bọ́tìnnì. Kí ẹ sì gbé òkòtó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà náà, kó lè mọ ibi tí ọgbọ́n ẹ̀rọ parí sí.