Ẹ Má Gé Ẹ̀rín Wa Kúrú
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kó fíìmù ẹ̀rín àtijọ́ jọ, àwọn tín-ín-rín tí wọ́n ṣe fún wíwò nílé, ẹ yẹra fáwọn tí wọ́n ti gé kúrú. Ẹ wo Big Business tí Laurel àti Hardy ṣe ní 1929. Igi Kérésìmesì ni wọ́n ń tà. Finlayson gé igi wọn, wọ́n ba ilé ẹ̀ jẹ́, òun náà tú mọ́tò wọn palẹ̀. Bí ọ̀kan ti ń bà á jẹ́, èkejì á dúró wò ó láì dá a lẹ́kun! Ọlọ́pàá ńkọ́? Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdúró yẹn gan-an ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bẹ́ ẹ bá gé e, ìjà lásán ló kù. Blackhawk ní Iowa tà á lódindi lórí mílímítà 8. Ojú ẹ̀dà tèmi ti họ, kò sì sóhùn, àfi ariwo ẹ̀rọ. Mi ò ní fi pààrọ̀.