Odò Ni Ìtumọ̀ Ère: Igbó Ọ̀ṣun àti Wúrà Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Lórí ère ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Susanne Wenger, ọmọ Ọ́stríà tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí àti Kàsálì Àkàngbé, fi sìmẹ́ǹtì, amọ̀ àti igi tún àwọn ojúbọ ibẹ̀ ṣe. Àríyànjiyàn tó gbilẹ̀ ni pé ṣé ti Yorùbá ni iṣẹ́ náà tàbí ti àjèjì. Ìbéèrè náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ó gbàgbé omi.

Àwọn ère wọ̀nyí kì í dá sọ̀rọ̀. Òjìji igi, ìró odò àti ẹsẹ̀ àwọn tó wá pọnmi wà lára ìtumọ̀ wọn. Bí a bá gbé ọ̀kan lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ìrísí rẹ̀ kò ní yí padà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ yóò pa.

Èdè pàápàá jẹ́rìí sí èyí. Ìtàn sọ pé láti Ìpólé, nítòsí Iléṣà, ni Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ti ṣí wá nítorí àìrí omi. Ìtàn kan náà sọ pé Atẹ́wọ́gbẹja ni oyè Àtáọ́ja: ẹni tó tẹ́wọ́, tí odò sì fi ẹja sí i lọ́wọ́. Májẹ̀mú ni oyè náà. Òun ni igbá tí Arugbá ń rù lọ sódò ní oṣù Ògún ń sọ dọ̀tun lọ́dọọdún.

Láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kan náà ni ewu ti ń ṣàn bọ̀ báyìí. Àwọn tó ń wa wúrà ń da ẹrẹ̀ sínú àwọn odò kéékèèké tó ń wọnú Ọ̀ṣun, omi rẹ̀ sì ti pọ́n bí amọ̀. Ní 2005, UNESCO ka igbó náà, tí ó tó hẹ́kítà 75, mọ́ ogún àgbáyé. Ààlà yẹn lè dá ayọ́ọ́lẹ̀ dúró. Kò lè dá ẹrẹ̀ dúró.

Nítorí náà, lámèyítọ́ tó bá yin ère tí kò mẹ́nu ba odò kò tíì ka iṣẹ́ náà tán. Sìmẹ́ǹtì tó bá sán ṣeé tún rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹja bá tán nínú Ọ̀ṣun, kí ni Àtáọ́ja yóò tẹ́wọ́ gbà?