Ìgbẹ́jọ́ kíákíá: ti afurasí nìkan kọ́

Ní agbègbè wa yìí, láti Ibafo dé Mowe títí kan Redemption Camp, bí wọ́n bá mú afurasí, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni: “Ẹ̀tọ́ wo lẹ tún ń wá fún ọ̀daràn?” Èrò yìí kò tọ̀nà, kì í sì í ṣe nítorí afurasí nìkan. Ẹjọ́ tó ń falẹ̀ máa ń ja ẹni tí wọ́n ṣe níbi gan-an lólè.

Ẹ wo ẹjọ́ ikú Kudirat Abiola. Wọ́n yìnbọn pa á l'Ékòó ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, 1996. Láti 1999 ni ẹjọ́ ti dé kóòtù. Ọjọ́ 30 oṣù Kìíní, 2012 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó tó dájọ́ ikú fún Hamza al-Mustapha àti Lateef Shofolahan. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, 2013, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá àwọn méjèèjì sílẹ̀. Láàárín àkókò náà, ẹlẹ́rìí tí ìjọba gbójú lé ti pa ohùn dà. Bí ẹjọ́ bá pẹ́, ìrántí á ṣá, àyè ìpohùndà á sì gbòòrò. Al-Mustapha lo nǹkan bí ọdún 15 látìmọ́lé; ìdájọ́ yẹn kò sì fi apààyàn kankan lé àwọn ọmọ Kudirat lọ́wọ́. Ta ló wá jèrè?

Abala 36(4) ìwé òfin 1999 ní kí ìgbẹ́jọ́ wáyé láàárín àkókò tó bọ́gbọ́n mu. Ó tán síbẹ̀: kò ka oṣù, kò ka ọdún. Abala 35 ló mọ̀ ọ́n kà. Bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni ọlọ́pàá ní láti gbé ẹni tí wọ́n mú débẹ̀. (Mowe sí Ṣágámù kò tó bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀nà jìn.) Bí oṣù 2 bá sì pé láìgbẹ́jọ́ ẹni tó wà látìmọ́lé, kí wọ́n tú u sílẹ̀, ìbáà ṣe pẹ̀lú béèlì, ìyẹn ò ní kí ẹjọ́ parí o. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka 35(7) dáadáa: gbèdéke oṣù 2 yẹn kò kan ẹni tí wọ́n fura sí lórí ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Ìpànìyàn, tó yẹ kó yá jù, ni wọ́n yọ sílẹ̀!

“Prof, ṣé ká wá tú apààyàn sígboro ni?” Rárá. Mo sì mọ̀ pé àwọn lọ́yà olùjẹ́jọ́ náà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fa ẹjọ́ gùn. Kí òfin fi iye oṣù sórí ìgbẹ́jọ́ ẹ̀sùn ikú fúnra rẹ̀ ni mo wí, kí adájọ́ tó bá kọjá rẹ̀ kọ ìdí sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀.