Ojú Àlejò ní Ìlú Oníyọ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò lójú, kò fi ríran. Òwe yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti ka ìwé ìrìn-àjò Ibn Battuta nílé wa ní Alajue, ní Ẹdẹ. Ará Mòrókò ni ọkùnrin náà. Ní ọdún 1352 ni ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí ilẹ̀ Málì. Ọjọ́ 25 ni ó rìn láti Sijilmasa kí ó tó dé Taghaza, ìlú tí wọ́n ti ń wa iyọ̀. Nígbà tí ó padà délé, ó ròyìn fún Ibn Juzayy, akọ̀wé rẹ̀. Wọ́n sì parí ìwé náà ní ọdún 1355.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ẹni tí ìyìn tọ́ sí. Ó ní kò sí igi kan ní Taghaza, iyanrìn ni gbogbo rẹ̀. Òkúta iyọ̀ ni wọ́n fi mọ ilé àti mọ́ṣáláṣí, awọ ràkúnmí ni wọ́n fi bò wọ́n lórí. Iyọ̀ náà wà nínú ilẹ̀ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Méjì péré ni ràkúnmí kan ń rù. Omi ibẹ̀ níyọ̀, eṣinṣin sì pọ̀. Ó tilẹ̀ mọ iye owó: ẹrù tí wọ́n ń tà ní mithqal wúrà 8 sí 10 ní Walata a máa di 20 sí 30 ní olú ìlú Málì, nígbà mìíràn 40. Àlejò yìí mà ríran o!

Ṣùgbọ́n ta ni ń wa iyọ̀ náà? Ó ní ẹrú àwọn Masufa ni, dàbínù, ẹran ràkúnmí àti ọkà tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n sì ń jẹ. Ó parí síbẹ̀. Kò dárúkọ ẹnì kan nínú wọn.

Àwọn kan yóò ní àṣà ìgbà náà ni. N kò gbà tán. Ẹ ṣí ìwé náà síwájú, níbi tí ó ti dé Takedda, ìlú tí wọ́n ti ń wa bàbà, ní ọdún 1353. Níbẹ̀ náà, ẹrú lọ́kùnrin lóbìnrin ni ń ṣe iṣẹ́ náà. Níbẹ̀ gan-an ni òǹkọ̀wé wa ti ń wá ẹrúbìnrin tí ó mọ̀wé láti rà. Mithqal 25 ni ó fi ra ọ̀kan, olówó rẹ̀ sì kábàámọ̀ pé òun tà á. A gbọ́ àbámọ̀ olówó; a kò gbọ́ ohun tí ọmọbìnrin náà wí. Mo wá rí i pé ojú oníbàárà ni ojú àlejò yìí: ó rí ọjà, ó rí owó rẹ̀, kò rí ẹni tí ó wà á.

Síbẹ̀, a kò ní sọ ìwé náà nù. Láìsí i, ohun tí a mọ̀ nípa Taghaza ìbá kéré jọjọ. Ṣùgbọ́n iyọ̀ wà lára ohun tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ nílé wa. Ó sì dùn mí pé àwọn tí ń wa iyọ̀ nínú ìwé yìí kò lórúkọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kò dìgbà tí a bá dé aṣálẹ̀. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà, kò jìnnà sí Ẹdẹ. Bí ẹ bá lọ, ẹ wo kòtò, ẹ wo omi tí ó dọ̀tí, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ká ìwé yín, ẹ béèrè orúkọ ẹni tí ó di ṣọ́bìrì mú.