Ilé Inú Ilé: Àyẹ̀wò Ọnà Ìkọ́lé The Grange ní Northington

Ilé ńlá tí wọ́n ń pè ní The Grange wà ní Northington, ní àgbègbè Hampshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàrin ọdún 1804 sí 1809 ni William Wilkins sọ ọ́ di ohun tí ó jọ tẹ́ńpìlì àwọn ará Gíríìkì àtijọ́. Ipò kìn-ín-ní ni òfin fi í sí láàrin àwọn ilé tí a kò gbọdọ̀ wó. Àwọn onímọ̀ kà á mọ́ ilé ìgbà Adelé Ọba. Lóòótọ́, ọdún 1811 ni Ọmọ Ọba George bẹ̀rẹ̀ sí í dele fún baba rẹ̀, tí ó sì ṣe é títí di 1820. Ṣùgbọ́n àṣà ìkọ́lé tí ó ń jẹ́ orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú kí ìdelé tó dé, kò sì parí nígbà tí ìdelé parí. Ìbéèrè tí ó yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò nìyí: nígbà tí òfin dáàbò bo The Grange, kí ni ohun náà gan-an tí ó dáàbò bò?

Kì í ṣe Wilkins ni ó fi ìpìlẹ̀ ilé yìí lélẹ̀. Ilé bíríkì kan, iṣẹ́ William Samwell, ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1670. Henry Drummond, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìdílé rẹ̀ ní báńkì, ni ó gbé iṣẹ́ náà fún Wilkins. Drummond kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Wilkins alára ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò ilẹ̀ Gíríìkì dé ni. Ó fi sìmẹ́ǹtì bo ògiri bíríkì àtijọ́ kí ó lè jọ òkúta. Ó gbé kọ̀bì ńlá kan síwájú ilé ní ìhà ìlà-oòrùn: òpó mẹ́fà ni ó wà lójú rẹ̀, ọ̀wọ́ méjì sì ni wọ́n tò lé ara wọn. Tẹ́ńpìlì kan ní Áténì, èyí tí wọ́n ń pè ní Theseion láyé ìgbà náà, ni ó fi ṣe àwòṣe. Ìrántí Thrasyllus, tí ó wà ní Áténì bákan náà, ni ó wò kọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé. Lẹ́yìn èyí, ó fi pèpéle yí ìsàlẹ̀ ilé ká, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn yàrá ìsàlẹ̀ fi rì sínú rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ti ìrísí nìkan ni, iṣẹ́ yìí yọrí. Ilé náà dúró lókè, adágún omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn òpó náà sì wúwo lójú láìní ọ̀ṣọ́ kankan. C. R. Cockerell, ayàwòrán ilé tí òun náà ti fi ojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀ Gíríìkì, yìn ín nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1823.

Ẹ̀sùn tí ó rọrùn jù láti fi kan Wilkins ni ti ẹ̀tàn, pé bíríkì ni ó wà lábẹ́ ohun tí ó jọ òkúta. Ẹ̀sùn yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Sìmẹ́ǹtì lórí bíríkì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé John Nash ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ dá ìgbà kan lẹ́bi nítorí ohun èlò tí ìgbà náà ní. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ìlò. Ilé òrìṣà ni tẹ́ńpìlì Gíríìkì. Ìta ni àwọn olùjọ́sìn ń dúró sí, ère ni ó ń gbé inú rẹ̀. Ibùgbé ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀: ó nílò ìmọ́lẹ̀, àkàsọ̀, ibi ìdáná àti àyè fún ọmọ ọ̀dọ̀. Kọ̀bì tí ó dùn ún wò láti òdìkejì adágún ni ó ń ṣíji bo fèrèsé àwọn yàrá tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Àléébù kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ. Odindi ni tẹ́ńpìlì. Kò ní ibi tí a ti lè fi kún un. Bẹ́ẹ̀ ilé a máa gbèrú bí ìdílé bá ti ń gbèrú. Ní ọdún 1817 Drummond ta ilé náà fún Alexander Baring. Nígbà tí Baring nílò àyè sí i, ẹ̀yìn tẹ́ńpìlì ni wọ́n ní láti kọ́ ọ sí. Cockerell tí ó yin iṣẹ́ náà ni ó kọ́ ilé ọ̀gbìn onígíláàsì mọ́ ọn. Iwájú ilé jẹ́ ti Gíríìkì. Ẹ̀yìn ni ayé ti ń lọ.

Ní ọdún 1972, ẹni tí ó ni ilé náà fẹ́ wó o. Wọ́n tú ohun inú rẹ̀, wọ́n sì wó apá kan kí ariwo àwọn ènìyàn tó dá iṣẹ́ náà dúró. Ní ọdún 1975 ìjọba gbà á sí abẹ́ ìtọ́jú. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ pé èèpo ni ìjọba gbà, nítorí pé inú ti ṣófo. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò wo inú náà dáadáa. Níbi tí ọ̀ṣọ́ ti ṣí kúrò ni bíríkì Samwell ti hàn. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ lè rí ilé àtijọ́ àti ẹ̀wù tí Wilkins gbé wọ̀ ọ́ papọ̀, ohun tí àlejò Drummond kankan kò lè rí. Ìparun tí kò yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ ni ó tú àṣírí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Nítorí náà, kì í ṣe tẹ́ńpìlì nìkan ni ohun tí ó yẹ kí òfin máa dáàbò bò ní The Grange, bí kò ṣe ibi tí ilé méjèèjì ti pàdé. Láti ọdún 1998 ni wọ́n ti ń ṣe eré orin opera nínú ilé ọ̀gbìn Cockerell. Èyí kò ba ohunkóhun jẹ́, nítorí ibi àpéjọ bá ìrísí náà mu ju ibùgbé lọ. Ewu tí ó kù ni ti àtúnṣe onínúure. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fi ọ̀ṣọ́ tuntun bo bíríkì inú ilé náà nítorí kí ó lè pé, yóò dá irọ́ àtijọ́ padà, yóò sì pa ẹ̀rí tí ó ṣọ̀wọ́n jù lọ níbẹ̀ rẹ́.