Pátíríákì Lisbon àti Padre Antonio ti Èkó

Nínú Bíbélì Yorùbá ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ náà "baba ńlá". Hébérù 7:4 lò ó fún Ábúráhámù, Ìṣe 2:29 sì lò ó fún Dáfídì. Ẹni tí ìran ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ ni, kì í ṣe ẹni tí a fi jẹ oyè. Nínú Ìjọ Àgùdà, ó di oyè: pátíríákì. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀kan wò nínú oyè wọ̀nyí.

Ní 1716, Póòpù Clement Kọkànlá sọ Lisbon di ìjókòó pátíríákì nítorí João Karùn-ún, ọba Pọ́túgà, tó fi ọkọ̀ ogun ràn án lọ́wọ́ láti bá àwọn Tọ́kì jà. Wúrà Brazil ni ọba yìí fi ṣe ìjókòó náà lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn ẹrú ló sì wa wúrà ọ̀hún, ọ̀pọ̀ wọn ni a kó sọdá òkun láti Ouidah. Títí dòní, oyè náà kò fún ẹni tó ń jẹ ẹ́ ní àṣẹ ju ti bíṣọ́ọ̀bù àgbà lọ. Iyì ni.

Ìlú Brazil yìí kan náà ni àwọn tó tẹ Pópó Àgùdà dó ti dé, ní erékùṣù Èkó tí Ìsàlẹ̀ Gángan wà. Kí àlùfáà kankan tó máa gbé àárín wọn, Antonio, ẹrú tó ti gba òmìnira, ló ń kó wọn jọ fún àdúrà, tó sì ń ṣe ìrìbọmi fún wọn. Bíṣọ́ọ̀bù kankan kò gbọ́wọ́ lé e lórí. Síbẹ̀ Padre ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí míṣọ́nnárì Borghero dé Èkó ní 1863, ó bá onígbàgbọ́ nílẹ̀. Ní 1868 ni àlùfáà Bouche tó wá fìdí kalẹ̀.

N kò bá ètò jà o. Àwọn Àgùdà Èkó nílò àlùfáà, nítorí kò sí Máàsì láìsí i. Oyè tó ṣáájú iṣẹ́ ni mo ń bá wí.

Ẹ̀yin tí a fẹ́ fi òróró yàn, ẹ má fi Lisbon rẹ́rìn-ín. Ẹ wo pátákó ìjọ tiwa: oyè mélòó ló ṣáájú orúkọ pásítọ̀? Bí a bá nu gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́la, ta ni yóò ṣì wá kan ilẹ̀kùn rẹ lóru pé kí o wá gbàdúrà fún ọmọ òun?