Ohùn Inú Àṣíborí

Ẹni tó bá kọ́kọ́ ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà á ní ìdúró wọn ti pọ̀ jù: wọ́n á sáré díẹ̀, wọ́n á tún dúró. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Àṣé inú ìdúró yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà.

Nínú líìgì NFL, gbàrà tí wọ́n bá ti gbé ẹni tó mú bọ́ọ̀lù lulẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 40 ni aago fún wọn láti bẹ̀rẹ̀ ìgbìyànjú mìíràn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá á fi bébà pẹlẹbẹ bo ẹnu, kí alátakò má baà ka ètè rẹ̀, á wá sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ. Nínú àwọn 11 tó fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù síwájú, kọ́tábákì tó ń ju bọ́ọ̀lù nìkan ló ń gbọ́ ọ. Àmì róbótó aláwọ̀ ewé wà lẹ́yìn àṣíborí rẹ̀. Ó ń gbọ́ o, ṣùgbọ́n kò lè fèsì. Bó bá ti ku àáyá 15, ohùn náà á gé.

Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ: "Spider 2 Y Banana." Àrokò ni. Spider 2 ni bí wọ́n ṣe máa dáàbò bo kọ́tábákì. Y ni orúkọ ipò eléré kan. Banana sì ni ọ̀nà tí ẹni náà máa sá gbà, tó tẹ̀ kọdọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí tiẹ̀ kúrú. Àwọn kan gùn bí oríkì. Kọ́tábákì á gbà á sétí lẹ́ẹ̀kan, á tún un sọ fún àwọn 10 yòókù láìfo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Bó bá jẹ́ pápá alátakò ni, tí èrò ń pariwo gèè, ẹ ó rí i tó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ihò etí àṣíborí.

Lọ́dún 1956, Paul Brown, akọ́nimọ̀ọ́gbá Cleveland, fi rédíò sínú àṣíborí kọ́tábákì rẹ̀, George Ratterman. Kò pẹ́ tí ọ̀gá líìgì fi fòfin dè é. Ó di 1994 kí wọ́n tó gbà á láàyè, 2008 kí àwọn tó ń dí alátakò lọ́nà tó rí tiwọn gbà.

Bí ohùn bá ti gé, ó kù ú ku kọ́tábákì nìkan. Bí alátakò bá yí ìdúró padà, ó lè fi igbe yí ètò náà padà lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má yí ìkànnì nígbà tí wọ́n bá dúró. Aago ni kẹ́ ẹ wò.